Ìyá Micah Wí Pé "Ìwọ", Èmi Kọ "Ẹ̀yin"

Ẹni tí a kò mọ̀ ni à ń pè ní "ẹ̀yin". Ẹni tí a bẹ̀rù náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, n kò mọ̀ yín, n kò sì bẹ̀rù yín, ṣùgbọ́n "ẹ̀yin" ni màá máa pè yín torí ilé tó bí mi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Báírò ti ya bébà mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún òmíràn mú.

Susannah ni orúkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, láti Abà Fákúnlé lẹ́yìn Iléṣà, ṣùgbọ́n Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ti ń ránṣọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyókù, èmi ni mo fi kọ́ ara mi, látinú ìwé tí àwọn oníbàárà gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù mi àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà. Bí ẹlòmíràn ṣe ń mu ọtí ni èmi ṣe ń kọ ìtàn. Ìtàn àròsọ.

Àbúrò ìyá mi ni Ìyá Micah. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ọlá kankan tó fẹ̀yìn tì rí. Àwa ọmọ ọlọ́mọ ló kún ẹ̀yìn náà. Obì àti kòkó ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn tí mo fi ṣe ìwé, tirẹ̀ ni. Láyé ìjọba kan tó ti kọjá, Cornelius Ọdúntán, ọmọ abà wa náà, di alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn sórí oko wa. Wọ́n gé kòkó, wọ́n gé obì, wọ́n gé àwọn ìrókò tó wà ní ààlà. Pákó ìrókò lọ sí ilé ìlagi Cornelius. Ilé ìwòsàn ṣì ń bọ̀ lọ́nà títí di òní.

Nígbà tó wá ṣe ìpàdé ní kíláàsì ilé ìwé abà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, tí ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó bí i lọ́mọ. Ìyá Micah dìde.

"Ìwọ Cornelius," ó ní, "nígbà tí ìyá rẹ wà ní ọsibítù, ẹ̀yìn ta lo sùn lé? Ẹ̀yìn mi yìí lo tọ̀ sí! Ìwọ tí mo wẹ̀ nínú bàsíà! Ilé ìwòsàn dà? Pákó dà? Olè ni ọ́!"

Ọlọ́pàá gbé e. Wọ́n ní gbólóhùn kan ṣoṣo ni kó wí, kó sì máa lọ sílé rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí."

Ó kọ̀. Ó ní ọmọ tí òun wẹ̀, òun kò ní tìtorí pé ó jalè kí òun wá máa pè é ní ẹ̀yin. Orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n jẹ́ kó sùn. Láti ìgbà yẹn ni eékún rẹ̀ kò ti ṣe dáadáa mọ́.

Ọjọ́ tó ní kí n kọ ọ́, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí.

"Susannah, yí orúkọ mi padà bó bá wù ọ́. Sọ mí di arẹwà bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wí fún ọmọ yẹn, bí mo ṣe wí i ni kí o kọ ọ́. Ojú mi ti ń ṣú. N kò lè yẹ̀ ọ́ wò."

"Mo gbọ́, mà."

"O gbọ́?"

"Mo ní mo gbọ́, Ìyá mi."

Mo kọ ọ́. Mo pe òun ní Ìyá Ọlọ́bì, mo pe Cornelius ní Alága. Ìwé náà dára. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n yin ara mi, kó dijú.

Ta ni yóò wá tẹ̀ ẹ́? Ọdún 1996 la wà. Bébà ti di góòlù. Atẹ̀wé kan ní Iléṣà ní òun kò tẹ ìtàn Yorùbá mọ́, pé kàlẹ́ńdà àti ìwé orin ìsìnkú ló ń tà. Òmíràn ní Òṣogbo gbé ìwé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn ẹran, ó ní, "Màmá, ó wúwo. Ẹ lè gé e sí ìdajì?" Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni rédíò kéde pé ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ran àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ lọ́wọ́.

Nọ́síràtù, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi.

"Ìyá Tèmi, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba fẹ́ máa fowó ra irọ́?"

"Wọ́n ti ń rà á tipẹ́. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kó o sí."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Wàláhì, èmi ò rò pé ó dáa. Omi ẹ̀rọ kò yọ, iná kò sí, ẹ̀yin ẹ ní kí wọ́n wá máa sanwó fún apààlọ́."

"Nọ́síràtù, ṣé ìjọba kì í ra ajílẹ̀ fún àgbẹ̀ ni?"

"Ó ń rà á. Kì í dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń rà á."

"Kì í ra bàtà fún agbábọ́ọ̀lù?"

"Ó ń rà á."

"Kì í san owó Jerúsálẹ́mù? Kì í san owó Mẹ́kà?"

"Ẹ má fọwọ́ kan Mẹ́kà o, Ìyá Tèmi!"

"Èmi náà ń gbin nǹkan. Ọmọ tí kò rí ìtàn kà ní èdè ìyá rẹ̀, èdè ta ni yóò fi ronú tó bá dàgbà?"

Ó ń to ọṣẹ rẹ̀. "Ẹnu yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń da àgbàdo fún adìẹ, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni kí adìẹ máa wò."

Mo pòṣé. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo gbé ìwé mi lọ.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ni Ọ̀mọ̀wé Olúmúyìwá Akínladé. Kò dàgbà tó mi. Nígbà tí mo padà lọ gbọ́ èsì, ó dìde lórí àga, ó tẹríba, ó ní kí wọ́n po tíì fún mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Mo rọra fi ìdí lé etí àga náà bí ẹni tí wọ́n lè lé dìde nígbàkigbà.

"Màmá," ó ní, "ìjókòó kan ni mo fi ka ìwé yín tán." Ó wá bojú wo òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí: "Igi tí a gé kì í sunkún, ẹni tó gbìn ín ló ń bá a sun ún."

Ọ̀rọ̀ mi ni! Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé mi ni! Ọ̀mọ̀wé tó kàwé dé òkè òkun ti há ọ̀rọ̀ aránṣọ sórí.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Omi lé ròrò sí mi lójú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ owó.

Ó ní ìjọba yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì há a fún gbogbo ilé ìwé girama. Orí mi wú. Mo ti ń rí àwọn ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ka Ìyá Ọlọ́bì sókè.

"Lẹ́tà kan péré ló kù, Màmá."

"Lẹ́tà wo?"

Ó ṣí ibi tí Ìyá Ọlọ́bì ti kojú Alága. "Níbí. 'O jí pákó wa.' Ẹ yọ 'o' yẹn, ẹ fi 'ẹ' sí i. Ìgbìmọ̀ ní 'ìwọ' yìí ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọdé ló máa kà á, Màmá. Yorùbá ni wá. Ṣé ó yẹ kí arúgbó abà kan máa pe aṣojú ìjọba ní ìwọ?"

"Òun ló wẹ̀ ẹ́ ní kékeré."

"Alága ni wọ́n wẹ̀, mà. Ìjọba, kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́ ní kékeré."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú. Lẹ́tà kan péré.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kò sí lẹ́tà kan péré nínú Yorùbá. Bí a bá fa "ìwọ" yọ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bínú, bí ìgbà tí a fa òwú yọ lẹ́nu ìṣẹ́tí aṣọ ni. Ẹ máa fà á, yóò máa bọ̀.

Nígbà tí mo gbé e padà wá, Akínladé kà á, ó fajú ro. "Màmá, 'ẹ̀yin yìí, olè ni yín'. Kò bọ́ sétí."

Òótọ́ ló wí! Èmi náà gbọ́ ọ létí ara mi pé kò bọ́ sí i. Ẹni tí o bá ti pè ní ẹ̀yin, o ti kúnlẹ̀ fún un tán. Ẹnu tó kúnlẹ̀ kì í bú olè. Mo yọ "olè", mo fi "àṣìṣe" sí i.

Bàsíà ńkọ́? Ta ló ń sọ fún ẹni tó ń pè ní ẹ̀yin pé ó tọ̀ sí òun lẹ́yìn? Mo yọ bàsíà. Mo yọ ìtọ̀. Mo yọ ẹ̀yìn.

Akínladé tún ní kí n wò ó, ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ báyìí, ṣé yóò dúró gbagidi sọ ọ́ ni? Mo mú un kúnlẹ̀. Nígbà tó ti kúnlẹ̀, kí ló kù tó lè wí? Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Báírò tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìdí àwọn oníbàárà mi ni mo fi kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí."

Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn sí mi lórí. Tíì àti mílíìkì ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Gbólóhùn tí obìnrin kan sùn sórí sìmẹ́ńtì nítorí pé kò ní sọ ọ́, èmi ni mo bá a sọ ọ́, ní ọ̀fẹ́, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́.

Wọ́n tún ní kí ilé ìwòsàn dé ní orí tó kẹ́yìn. Mo kọ́ ọ. Ilé ìwòsàn tí ìjọba kò kọ́, èmi fi báírò kọ́ ọ, mo fi páànù bò ó, mo tún kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Mo ka èyí tuntun fún Nọ́síràtù. Ó gbọ́ ọ dópin, ó la ojú sílẹ̀.

"Ìyá Tèmi, ìyá tí ẹ kà fún mi lọ́jọ́sí, tó bá wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi, mi ò ní lè fi èyí tó fọ́ sábẹ́ fún un. Èyí tó kúnlẹ̀ yìí, màá rẹ́ ẹ jẹ. Níbo ni ìyá àkọ́kọ́ lọ?"

"Kí lo mọ̀ nípa ìwé?" Bí mo ṣe pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

"Ọṣẹ nìkan ni mo mọ̀," ó ní. "Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yín ni mo rí pé wọ́n ti fọ̀ jù."

Bí ẹjọ́ mi bá yé yín dé ibí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù fún yín.

Mo lọ sí abà nígbà tí ìtẹ̀jáde kù díẹ̀. Ìyá Micah jókòó sórí ẹní, ó ń fọwọ́ wá obì tó ti kòkòrò jẹ nínú agbọ̀n.

"Susannah, ṣé bí mo ṣe wí i lo kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ka ibẹ̀ fún mi."

Mo di ìwé mú níwájú rẹ̀. Mo wo ibi tí Ìyá Ọlọ́bì ti kúnlẹ̀. Mo la ẹnu, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀: "Ìwọ tí mo wẹ̀ nínú bàsíà! Ilé ìwòsàn dà? Pákó dà? Olè ni ọ́!"

Inú rẹ̀ dùn, ó ń fọwọ́ lu itan. "Olè gan-an ni! Tún un kà!"

Mo tún un kà. Ẹ gbọ́ mi bí? Mo tún un kà.

"Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà ní Òṣogbo lọ́hùn-ún, ṣé wọ́n máa kà á síta?"

"Ìyá mi, ọ̀nà jìn. Eékún yín..."

"Eékún mi ti mọ ọ̀nà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Micah á gbé mi. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ láàárín èrò."

Mo padà sí Òṣogbo, mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí mọ́tò Micah kọ iṣẹ́, kí epo wọ́n. Epo sì wọ́n lóòótọ́! Ẹni tó kọ ìwé ń gbàdúrà kí ẹni tó ni ìtàn má lè wá.

Ó wá. Ẹ̀wù àrán rẹ̀ ti àtijọ́ ló wọ̀, Micah dì í mú lápá. Àwọn agbàlejò rí arúgbó, wọ́n mú un lọ sí ìlà iwájú. Gbọ̀ngàn kún. Akínladé ń rìn káàkiri nínú agbádá. Àwòrán ojú mi ń bẹ lára ògiri, wọ́n ti fi ọ̀dà pa ìlà iwájú orí mi rẹ́.

Ẹni tó ń darí ètò wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ jẹ́ kí a pe bàbá ọjọ́ wa láti ka ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ìwé yìí. Olóyè Cornelius Ọdúntán!"

N kò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, n kò mọ̀ pé òun ló wà lẹ́yìn ìgbìmọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè, torí ẹni tí wọ́n ń fi tíì gbà lálejò kì í béèrè ẹni tó ra ṣúgà.

Ó ti sanra sí i. Ó fi gíláàsì sójú, ó ṣí ìwé náà láì wá ibẹ̀ rárá. Ó sì kà á pẹ̀lú ohùn tó dùn:

"Ìyá Ọlọ́bì kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ̀yin ọ̀gá wa, àṣìṣe ni mo ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí.'"

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Mo wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ohun tí Ìyá Micah bi ọmọ rẹ̀.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Cornelius ni, Màmá."

"Kí ló ń kà?"

"Ìwé Susannah ni."

"Ta ló kúnlẹ̀ yẹn?"

Micah tún dì í mú lápá.

"Micah. Ṣé èmi ni mo kúnlẹ̀ yẹn?"

Ó fọwọ́ ti apá àga, ó dìde. Àwọn èèyàn ṣe wẹ́rẹ́, wọ́n rò pé ìyá arúgbó fẹ́ súre. Ó ń yí ojú tó ti ṣú kiri.

"Susannah dà?"

"Èmi rèé, mà." Mo ti wà lórí eékún.

Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti jáde. Ó rọra tẹ eékún rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, bí obìnrin ṣe ń kí ẹni tó jù ú lọ. Eékún yẹn!

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọrọ àforíjì."

Gbogbo gbọ̀ngàn tún pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní ìyá náà ti dúpẹ́. Akínladé gan-an ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Obìnrin tó gbé mi pọ̀n, tó fi ẹnu fa kata nímú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí ju ìwọ lọ, pè mí ní ẹ̀yin.

"Micah, mú mi relé," ó ní. "Iṣẹ́ tí mo bá wá ti parí."

Bí wọ́n ti ń jáde, Cornelius bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ bò mí. "Susannah, o ṣeun," ó ní. "Ó pẹ́ tí mo ti ń dúró de ẹ̀bẹ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì mo wọlé tọ Akínladé láì kan ilẹ̀kùn.

"Ìwọ Akínladé," mo ní, "o mọ̀ pé Cornelius ló wà lẹ́yìn rẹ̀. O mọ̀ láti ọjọ́ tí o ti fún mi ní tíì."

Ojú rẹ̀ yí padà. Kì í ṣe ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ló dùn ún. "Màmá, ẹ rọra o. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ibi iṣẹ́ ìjọba nìyí."

"Kí ló dé? Lẹ́tà kan péré kọ́ ni?"

Ó wá wí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì ń dùn mí títí di òní. "Mà, a ní kí ẹ yí i. A kò di ọwọ́ yín mú. Òǹkọ̀wé mìíràn wà tó kọ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ."

Mo fẹ́ bú u. Òótọ́ ló wí, ọmọ burúkú yẹn. Ẹnì kan wà tó kọ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, ìwé rẹ̀ kò sì jáde, bóyá wọ́n ti fi wé àkàrà. Ṣùgbọ́n ó kọ̀.

Mo wá lọ sí abà.

Ìyá Micah gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ gbogbo, ẹní kan náà la jọ ń jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí Micah gbé àga jáde, èyí tí wọ́n ń gbé fún olùṣọ́ àgùntàn. Ó ní kó bu omi sínú ife, kó gbé e lórí àwo.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ mumi."

Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀. "Ìyá mi, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Háà, ẹ dìde o. Ẹ̀yin èèyàn ìjọba kì í kúnlẹ̀ fún arúgbó abà. Aṣọ yín á dọ̀tí."

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ gbọ́ ọ?" Ó kọjú sí Micah. "Wọ́n ti mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Àwọn náà ló kọ ọ́." Ó tún yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ tutù. "Ọlọ́pàá kò rí i gbà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni ẹ rí i gbà, níbi tí n kò sí."

N kò lè mu omi náà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Èmi sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi di ẹ̀yin, mo sì fi lé olè lọ́wọ́.

Wàyí o, mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń wí. Ẹ ní, ẹ wò ó, òun náà ló dé ibẹ̀ lọ tọrọ. Ẹ ní ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìjọba fún òǹkọ̀wé ní kọ́bọ̀. Ẹ dákẹ́! Mo ní ẹ dákẹ́! Ta ló wá fẹ́ tẹ ìtàn yín, ẹni tó ń tẹ ìwé orin ìsìnkú? Ìjọba tó gé igi wa tó sì ń gba owó orí lọ́wọ́ wa, ó jẹ wá ní gbèsè bébà. Kó ra bébà. Kó ra ìwé sí ilé ìwé. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ fún Nọ́síràtù, n kò sún kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó gbé bébà kalẹ̀, kó sì jáde nínú yàrá. Ẹni tó ra òwú fún mi kò ní jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọjọ́ tó bá ní kí n yọ lẹ́tà kan, ìwọ tó ń kọ ìtàn, bí o bá ti ń gbọ́ mi, kó ìwé rẹ dìde. Má mu tíì náà tán.

Mo ti gba àwọn ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n fún mi, mo ti fi báírò tún ibẹ̀ ṣe nínú gbogbo wọn. Mo mú ọ̀kan lọ fún Ìyá Micah, mo kà á fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà. Ó fetí sí i dópin. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tẹ ojú ìwé náà bí ẹni ń wá ibi tí obì ti bàjẹ́.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ẹ ti tún tiwọn náà ṣe?"

"Ẹ ti" ló wí, kì í ṣe "o ti". Bó ṣe ń pè mí títí di òní nìyẹn.

N kò lè dé gbogbo ilé ìwé. Wọ́n lé mi ní ẹnu ọ̀nà ọ̀kan ní Iléṣà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ba ìwé ìjọba jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, inú ilé yín ni àwọn ìwé yẹn wà, nínú báàgì ọmọ yín. Ẹ wá ibi tí arúgbó kan ti kúnlẹ̀ níwájú alága. Ẹ mú báírò, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Ẹ fa ìlà pa ìkúnlẹ̀ yẹn. Ẹ fa ìlà pa ẹ̀bẹ̀ yẹn. Kí ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ yín rí i, ohun tí Fẹ̀hìntọlá ará Abà Fákúnlé wí ní ìdúró:

Ìwọ.